Àdí Àgbọn Lábẹ́ Jíìpù

Jíìpù mi ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kíláàsì lọ, èmi fúnra mi ni mo sì ń tún un ṣe. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pààrọ̀ bíréèkì rẹ̀, òun náà ni mo fi tú kábúrétọ̀ rẹ̀ palẹ̀, tí mo fọ̀ ọ́, tí mo tún un tò, tí ẹyọ nọ́ọ̀tì kan kò sì ṣẹ́kù sílẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì Àràdàgún tí mo máa ń ra páàtì lọ́wọ́ wọn ń pè mí ní Tíṣà Onísípánà. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀ kí n kọ́ wọn níṣẹ́.

Kì í ṣe fáàrí ni mo fi ọkọ̀ náà ṣe. Ìyá mi ń gbé létí òkun, lọ́nà ẹnubodè, nínú ilé tí bàbá mi kọ́ sáàárín àwọn igi àgbọn. Láti ojú títì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, iyanrìn lásán ni, ọkọ̀ kékeré kò lè débẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì ní láti rí nọ́ọ̀sì ní Àgbádárìgì ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé ní àárín Èkó, ti fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ tipẹ́. Ìyá wa ní òun ò lọ. Níkẹyìn a ṣe àdéhùn: níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì láìyẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kó o kúrò nílé rẹ̀. Bí mo bá yẹ̀ ẹ́ pẹ́nrẹ́n, ó di Èkó.

Nítorí náà mo gbájú mọ́ ọkọ̀ yìí. Ìyá mi kúrú, orúnkún rẹ̀ kò sì gbà kó ga ẹsẹ̀. Mo gé irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan tó ti kọṣẹ́, mo dá ihò sí i, mo fi nọ́ọ̀tì dè é sábẹ́ ilẹ̀kùn, ó di àtẹ̀gùn. Mo lọ́ okùn àwọn apẹja ní ìlọ́po mẹ́ta, mo so ó sókè ibẹ̀ kó lè rí nǹkan dì mú. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi gùn ún, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó sì fi èdè Ègùn rẹ̀ pè mí lọ́mọ.

"Ovi ṣie," ó ní, "ìwọ lo ṣe èyí?"

Inú mi dùn ju ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní ìgbéga níbi iṣẹ́ lọ.

Iyọ̀ òkun ló kù. Atẹ́gùn ibẹ̀ ń jẹ irin. Níhà ọ̀dọ̀ wa, àdí àgbọn la fi ń wo ohun gbogbo: irun, awọ ara, ìkókó tí ara rẹ̀ gbẹ, títí kan àdá. Ìyá mi ti ń fi pa àdá rẹ̀ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, mi ò sì rí i kó dípẹtà rí. Mo rò ó pé irin ni àdá, irin náà ni ọkọ̀. Mo rin àgbọn, mo fún un, mo sè é títí òróró fi léfòó, mo wọ abẹ́ jíìpù lọ, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún láti imú dé ìdí. Ó ń dán, ó ń ta sánsán. Mo tilẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi.

Ohun tí mi ò rò ni pé àdá kì í sùn sí ìta gbangba. Lóòórọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó yẹ kí n gbé ìyá mi, mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ò dún. Mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Àwọn eku ti lá àdí náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n sì ti jẹ wáyà sítáàtà mọ́ ọn, ó ku okùn bàbà tó ti já. Kí n tó rí wáyà, kí n tó so ó, oòrùn ti kọjá àtàrí. Nígbà tí mo dé ilé ìyá mi, nọ́ọ̀sì ti lọ sílé, ìyá mi sì wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, gèlè lórí, kò tíì jẹun. Ó rò pé mo ti ní ìjàǹbá. Mo kórìíra ara mi lọ́jọ́ yẹn, èmi àti ọgbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo lórí fóònù. Ó kàn ní, "Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì tún dá fún màmá, mò ń bọ̀ wá mú wọn."

Síbẹ̀ mo tún ọkọ̀ náà ṣe. Mo fi ọṣẹ àti kẹrosíìnì fọ àdí kúrò, mo họ ọ́, mo fi ọ̀dà kùn ún. Mo ki gbogbo wáyà sínú rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi, mo fi àwọ̀n irin dí ihò tí eku lè gbà. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ ra ayùn.

Nígbà tí ọjọ́ nọ́ọ̀sì pé, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọkọ̀ rẹ̀ sílé mi ní Ìbẹ̀rẹ́kó, ó sì wọ tèmi. Nígbà tí títì parí, mo sọ̀kalẹ̀, mo dín atẹ́gùn táyà kù, a sì gba iyanrìn kọjá láìrì. Ìyá wa ti di àpò rẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì ò ní tìtorí mi jà," ó ní.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí i, kò gbà á. Ó tẹ àtẹ̀gùn, ó di okùn mú, ó jókòó síwájú. Ẹ̀gbọ́n mi wọ ẹ̀yìn, ó gbé àpò náà lé ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó bi ìyá wa bóyá ó ń rí oorun sùn.

"Bí mo bá wà nílé mi, mo máa ń sùn," ó dáhùn, kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa.

A kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a yọ sí títì ńlá, mo dúró. Ọ̀tún ni Ìbẹ̀rẹ́kó, níbi tí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wà, àti Èkó. Òsì ni ọ̀nà ẹnubodè. Mi ò lè béèrè, mi ò sì lè yà. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè.

"Kí lò ń wò?" ẹ̀gbọ́n mi sọ láti ẹ̀yìn. "Ṣé o ò mọ ọ̀nà ilé màmá mọ́ ni?"

Mo yà sósì. Omijé ń dà lójú mi, mi ò nù ún, torí ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí sítíárì.