Etí Ìwé tí Ìyá Mi Gé Dànù

Ìlà lílù ọkàn ìyá mi ga débi pé ṣóńṣó ọ̀kan wọ inú èyí tó wà lókè rẹ̀. Ojú mi ni ẹ̀rọ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé ní ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lọ́dún yìí. Akọ̀ròyìn ni mí; mo ti ròyìn ìdìbò, mo ti ròyìn ìjà oyè àti iná ọjà. Kò sí èyí tó mú mi fò dìde lórí àga bẹ́ẹ̀ rí.

Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni ìyá mi ní Oǹdó kó tó fẹ̀yìntì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra, ṣùgbọ́n oògùn rẹ̀ ló kà sí ọ̀tá, ó ní ó ń mú ẹsẹ̀ òun wú. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo lílù ọkàn rẹ̀ ní Oǹdó, kò dúró de dókítà. Ó gbé ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde lọ sílé, ó ṣí ìwé tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Gíga wọn dọ́gba. Ó pè mí lórí fóònù.

"Ọkàn mi rí bíi ti inú ìwé gẹ́lẹ́! Mi ò lo oògùn kankan mọ́."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i ná."

"Ta ló kọ́ àwọn dókítà ọ̀hún? Ṣé kì í ṣe àwa ni?"

Ẹ̀rù bà mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣe pa oògùn tì, rọpárọsẹ̀ ló sì dá a dùbúlẹ̀. Mo lọ gbé ìyá mi wá sí Àkúrẹ́. Jálẹ̀ ọ̀nà, Bíbélì rẹ̀ wà lórí itan, ìwé ọkàn wà nínú Bíbélì. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kí dókítà sọ fún mi pé òun lè jáwọ́ nínú oògùn.

Dókítà náà, obìnrin kan tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì. "Àwọn ìlà yìí ò ga jù."

Ìyá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà. "Ṣé o gbọ́?"

Àfi bí ìka dókítà ṣe dúró lójijì. "Òkè kékeré tó ń tẹ̀ lé ìlà gíga yìí, ó yẹ kó kọjú sókè. Tiyín dorí kodò, bíi ti ọkàn tí iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún. Màmá, etí ìwé yìí dà?"

"Mo gé e. Kò wọ inú Bíbélì. Kò kúkú sí nǹkan kan níbẹ̀, àfi àpótí ṣófo kan."

"Háà! Àpótí yẹn gan-an ni mò ń wá!"

Ó ṣàlàyé. Àpótí náà ló ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe tóbi yàwòrán tó. Bí ìlà bá ga ju ìwé lọ, wọ́n lè dín in kù sí ìdajì, àpótí náà á sì kúrú sí ìdajì. Ẹni tí kò bá rí àpótí á rò pé ara ti dá.

Kíá, ìyá mi ti wà lórí ibùsùn, okùn ẹ̀rọ kún àyà rẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn ìlà ń gun orí ara wọn. Dókítà fà mí sún mọ́ ọn. "Ẹ wò ó! Yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn lápá òsì ló ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru fún ìgbà pípẹ́, ògiri rẹ̀ á nípọn, bí apá ẹni tó ń gúnyán lójoojúmọ́. Ẹran tó bá nípọn, ìlà rẹ̀ á ga." Ó ka àwọn igun mẹ́rin kéékèèké tó wà lórí ìwé náà, ó ro ìlà tó jìn sísàlẹ̀ jù pọ̀ mọ́ èyí tó ga jù. "Ó ti kọjá ààlà."

Ó wá dín bí ẹ̀rọ náà ṣe ń tóbi yàwòrán kù sí ìdajì, ó tún un tẹ̀. Àwòrán inú ìwé Oǹdó gẹ́lẹ́ ló jáde! Mo pariwo, nọ́ọ̀sì kan yọjú wo wa.

Ìyá mi gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Ọmọ tí kò bá kọ ìwọ̀n sábẹ́ àwòrán, mo máa ń yọ máàkì rẹ̀ ni. Èmi wá lọ fi sísọ́ọ̀sì gé tèmi sọnù."

"Ẹ gba òdo lónìí, Màmá. Ẹ lè tún ìdánwò ṣe," dókítà wí.

"Tí ẹ bá pààrọ̀ oògùn tó ń wú mi lẹ́sẹ̀ yẹn, màá tún un ṣe."

Dókítà gbà, ó sì kọ òmíràn fún un láti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní ìwé yìí ń tọ́ka lásán ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n á fi ẹ̀rọ mìíràn ya àwòrán ọkàn fúnra rẹ̀, kí wọ́n lè wọn ògiri rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá rọlẹ̀ tí kò sì gòkè mọ́, ògiri tó nípọn lè fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á tún wo lílù ọkàn rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ìwé ti ọ̀tẹ̀ yìí, dókítà ní, ọ̀dọ̀ àwọn ní ilé ìwòsàn ni yóò máa gbé, pẹ̀lú etí rẹ̀.