Ọ̀nà Tí Adùnọlá Yàn

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá Adùnọlá jà, nọ́ọ̀sì ní kó máa sáré díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀. Ọ̀nà Ìjerò ló kọ́kọ́ mú jáde ní Àràmọ̀kọ, torí pé ó tẹ́jú. Àṣìṣe gbáà! Lọ́dọ̀ tiwa, àgbà kì í ṣàdédé sáré. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e. Àwọn obìnrin ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sá tẹ̀ lé e: "Ìyá Emmanuel, ta ló kú?"

Ó fẹ́ sọ pé kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n ńṣe ló yí padà sílé. Fájẹ́misìn ọkọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún nílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó gba ọ̀nà Ìlogbò. Ìbéèrè kan náà ni. Ló bá fìbínú yà sí ọ̀nà oko, níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò bi í. Ó sáré títí ó fi dé etí oko kòkó wọn. Kó tó rántí, ẹnu rẹ̀ ti kí ọkọ rẹ̀ bó ṣe máa ń kí i: "Àroko-bọ́dún-dé o!"

Ó dúró kó gbọ́ "Àṣẹ." Ewé kòkó nìkan ló ń mì.

Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bá a sọ̀rọ̀ ló ń wá. Ó ti rí i.