Igi Kaljo Lẹ́yìn Ilé Ìwẹ̀ Elvi

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni Leontiine fi gun kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà ní abúlé wa, kò sì sí ajá kan láti ibí dé ìlú Võru tí kò dá a mọ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọgbà ẹ̀yìnkùlé ló gbájú mọ́. Ohun tó fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni igi jósítà tí Kaljo, ọkọ rẹ̀, gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó tó fi ààlà sáàárín ilé wọn àti ilé Elvi.

Jósítà kì í ṣe igi àdáyébá. Àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ló mú igi èso dúdú kéékèèké tí a fi ń se jáàmù, tí wọ́n fi òdòdó rẹ̀ pàdé ti igi èso ẹlẹ́gùn-ún. Ọmọ tí àwọn méjèèjì bí ga ju èèyàn lọ, kò ní ẹ̀gún kankan lára, èso rẹ̀ a sì kọ́kọ́ kan lẹ́nu kó tó dùn. Inú kóòtù ni Kaljo wé e sí, bí ọmọ tuntun, lọ́jọ́ tó gbé e wálé láti ọgbà ìwádìí tó ti ń wa katakata. Gbogbo wa la bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀ka. Ìdáhùn kan náà ló ń fún wa: "Ẹ wá jẹ èso. Ẹ̀ka, rárá."

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí Kaljo kú, yìnyín bo ilẹ̀ láti Oṣù Kọkànlá títí di ìparí Oṣù Kẹta. Kaljo a máa fi bàtà tẹ yìnyín yí igi náà ká títí yóò fi le gbagidi, kí eku oko má baà rí ọ̀nà gbà lábẹ́ rẹ̀. Leontiine náà kì í gbàgbé, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, orúnkún ń dùn ún, kò lè jáde. Nígbà tí yìnyín yọ́, ó rí i pé eku ti jẹ èèpo igi náà yí po, gbogbo ìdí rẹ̀ funfun bí egungun. Ó ní sùúrù títí di Oṣù Karùn-ún. Gbogbo igi yòókù rúwé, ti Kaljo gbẹ bí igi ìdáná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Elvi bá Leontiine tó di ayùn mú nídìí igi náà, kò lè gé e, kò sì lè fi í sílẹ̀. Elvi rọra sún mọ́ ọn.

"Leontiine, tí mo bá jẹ́wọ́ ohun kan fún ọ, ṣé wàá ṣì máa bá mi mu kọfí?"

"Ṣé ìwọ lo jí adìyẹ mi lọ́jọ́sí?"

"Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló jí adìyẹ rẹ. Igi ni èmi jí."

Ó fà á lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ rẹ̀. Ogójì ọdún ni Leontiine ti ń wá jókòó gba ooru iná nínú ilé ìwẹ̀ yẹn ní gbogbo Sátidé, ṣùgbọ́n èsìsì ló kún ẹ̀yìn rẹ̀, ta ni yóò lọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ìjàǹgbọ̀n? Láàárín èsìsì náà ni jósítà kan dúró, ó ga dé etí òrùlé, ewé rẹ̀ ń dán.

"Olè!" ni Leontiine wí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ẹ̀ka. "Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mọ́kànlá."

"O sì ń jókòó sí ilé mi, o ń lá jáàmù mi, o ń yìn ín!"

"Tìrẹ ló dùn. Tèmi máa ń jóná." Elvi rẹ ohùn sílẹ̀. "Kaljo mọ̀."

"Irọ́ ni."

"Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀ka mẹ́ta wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi lábẹ́ pákó, ó gé ìsàlẹ̀ wọn ní dídàgẹ̀rẹ́, ó gé orí wọn pẹrẹsẹ, kí n má baà dorí wọn kodò gbìn. Òun fúnra rẹ̀ kọ̀yìn sí mi, ó ń súfèé, ó ń wojú sánmà. Ó fi okùn so wọ́n pọ̀."

"Okùn wo?"

"Okùn pupa ilé ìfìwéránṣẹ́."

Leontiine jókòó sórí òkìtì igi ìdáná tó wà níbẹ̀. Òun ló máa ń kó okùn yẹn wálé láti ibi iṣẹ́. Ní ọ̀dọ̀ wa, igi tí a bá fi ọpẹ́ gbà kì í yè. Èyí tí a jí ló ń ta gbòǹgbò. Kaljo kò fún ẹnikẹ́ni, torí ó fẹ́ kó yè.

"Ó yẹ kí n gé ẹ̀ka lára rẹ̀ nísinsìnyí," ni Leontiine wí.

"Pẹ̀lú ewé lórí? Dúró de Oṣù Kẹwàá, kí ewé rẹ̀ kọ́kọ́ wọ́ tán. Kí o wá jí i. Màá máa sá aṣọ, mi ò ní rí ọ."

Ó dúró. Ní Oṣù Kẹwàá, Elvi sá aṣọ ibùsùn kan ṣoṣo nígbà mẹ́rin, ó kọ̀yìn, títí ọ̀bẹ Kaljo lọ́wọ́ Leontiine fi gé ẹ̀ka mẹ́ta. Bí Leontiine ti ń kọjá lọ, ẹnu rẹ̀ là.

"Elvi, o ṣe..."

"Pa ẹnu yẹn dé! Ṣé o fẹ́ pa wọ́n ni?"

Leontiine gbé ọ̀rọ̀ náà mì. "Ojú ọjọ́ dára fún aṣọ sísá."

"Ó dára gan-an."

Leontiine ri wọ́n sílẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀ ní dídàgẹ̀rẹ́ bí ẹni gbin ẹ̀gẹ́, ojú méjì péré ló yọ síta. Nígbà tí yìnyín dé, àwọn ìyá àgbà méjì fi ọwọ́ kọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ yípo yípo, àwa tí a ń kọjá ń rẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú Oṣù Kẹrin, Elvi gbọ́ ìkéde láti ẹ̀yìn pákó.

"Méjì!"

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Ó gbẹ."

"O ti dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ nìyẹn."

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n jókòó sínú ooru bí ìṣe wọn. Leontiine mú ìdì ewé igi bẹ́ẹ̀ṣì tí a fi ń na ara nínú ooru kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn, ó rẹ ẹ́ sínú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹ̀yìn Elvi, láti èjìká dé ìdí, láti ìdí dé èjìká, bí ẹni ń fi ewé sọ ohun tí ẹnu kò gbọ́dọ̀ sọ, kò dúró, ó pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ dáadáa.

"Ó tó, Leontiine! Ṣé o fẹ́ bó mi láwọ ni?"

"Dákẹ́," ni Leontiine wí, ó sì tún rẹ ewé náà sómi.