Obì Márùn-ún Tó Lé

Bí mo bá gbóòórùn èèpo obì tó ń jẹrà báyìí, ojú máa ń tì mí, torí pé lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, èmi ni mo ṣìṣe, kì í ṣe ọmọ tí mo ní mò ń kọ́.

Mo ti ṣubú lórí ọ̀kadà mi, ẹsẹ̀ mi tó kán wà nínú pí-ó-pì, ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta obì ní Ṣàgámù ni mo sì há sí. Agbọ̀n obì kún yàrá náà dé ẹnu ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ kò ríbi wọlé, èmi náà kò ríbi jáde. Mò ń gbọ́ bí àwọn ọlọ́kadà ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ń tẹ fèrè kọjá lójú títì, àfi bíi pé èmi ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń lọ sọ́jà, ó ní kí n bá òun kọ́ ọmọbìnrin òun, tí kò tíì pé ọdún méje, ní kíka nǹkan ní márùn-ún márùn-ún, torí tíṣà máa pè é síwájú kíláàsì lọ́jọ́ kejì. Mo ní kó ka ọgọ́rùn-ún obì sórí ẹní. Ó ń kà á bí ẹni ń kọrin: "Márùn-ún, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún..." Nígbà tó parí, mo tún un kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó fi márùn-ún lé.

"O ṣì í kà. Tún un ṣe."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó lé yẹn..."

"Mo ní kí o kà, mi ò ní kí o rojọ́! O ò ní kúrò níbí àfi tó bá pé géérégé."

Ló bá di ẹlẹ́wọ̀n bíi tèmi. Ó tún un kà, ó tún lé. Àwọn ọmọ àdúgbò ń ṣeré níta, à ń gbọ́ ariwo wọn. Nígbà tó yá, orin kúrò lẹ́nu rẹ̀, omijé ń kán sórí obì.

Ẹ̀gbọ́n mi dé, ó wo òkìtì obì náà, mo sọ fún un pé márùn-ún ń lé ṣáá, ó bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà ọlọ́kadà! Ta ló ń ra obì lọ́wọ́ mi tí kì í gba èènì? Bí ogún bá ti pé, mo máa ń fi ẹyọ kan sí i. A kì í ka ìyẹn mọ́ ọn. Ogún márùn-ún, èènì márùn-ún."

Ohun tí ọmọ náà ń rí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn, òun náà ló fẹ́ sọ fún mi. Mo rẹ́rìn-ín, ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, tíṣà pè é síwájú, ó dúró bí òpó, kò la ẹnu.

Ẹsẹ̀ mi ti san, mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ti wá mọ̀ pé ẹni tó há sílé lè máa wá ẹlòmíì tí òun náà máa há mọ́lé. Ọmọ náà ti ń bá ìyá rẹ̀ ka obì báyìí. Mo máa ń gbọ́ orin rẹ̀ láti ìta. Bí mo bá ti wọlé, á dákẹ́. Mo máa ń ra bisikíìtì fún un, á ní, "Ẹ ṣé, bọ̀ọ̀dá," á sì wolẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, kì í yá àgbà lára láti bẹ ọmọdé. "Má bínú" ọjọ́ yẹn ṣì wà lọ́rùn mi.