Orúkọ Tí Bàbá Wa Kò Fẹ́ Bọ́ Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a yin káàdì ìdánimọ̀, kábíyèsí orí àyà, tó ju ìlẹ̀kẹ̀ iyùn lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ a máa sọ pé èèyàn lówó. Káàdì a máa sọ pé ó níbi tó ń lọ lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ní Kétu, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó so tirẹ̀ mọ́rùn wá ra ẹ̀wà. Ẹlẹ́wà kò wo ojú káàdì. Ó kàn béèrè bóyá yóò jẹ búrẹ́dì sí i. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí òórùn pákó tútù fẹ́ wá láti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ẹ̀gbẹ́ wa, tí mo sì padà di ọmọdé.

Nígbà yẹn, kí òmìnira tó dé, oko ló yí Ìkòsí, àdúgbò wa ní Kétu, ká. Ẹ ó gba àárín ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ kọjá títí ilẹ̀ yóò fi máa rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ ó sì gbọ́ àáké kí ẹ tó rí omi. Agbóyì, abúlé etí odò, nìyẹn. Bàbá arúgbó kan máa ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi létí odò níbẹ̀, ìkùukùu òwúrọ̀ á bò ó dé ìbàdí, bí ẹni pé orí àwọsánmà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi Ràfíù máa ń wà bí iléèwé bá ti tú. Á fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìtì igi lára, á sì sọ ibi tí yóò ti là.

Àmọ́ Ràfíù ka ìwé mẹ́fà, ó sì yege. Ọ́fíìsì kan ní Èkó gbà á ṣe akọ̀wé. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá pe bàbá wa ní Bàbá Ràfíù, etí wọn á di. Ẹ pè wọ́n ní Bàbá Akọ̀wé, wọ́n á ti ẹ̀yìnkùlé dáhùn.

Oṣù kejì tó wọṣẹ́ ni àìsàn bẹ̀rẹ̀. Gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni ibà ń mú Ràfíù, tí eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó rù, ojú rẹ̀ jìn sínú. Bàbá ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n sì ń ka orúkọ àwọn aládùúgbò tí kò fẹ́ràn wa. Ìyá wa ń se àgbo. Àmọ́ bó bá di Sátidé, aláìsàn yìí kan náà á gbé àáké kọ́ èjìká, á máa súfèé lọ sétí odò.

Èmi ni mo là á mọ́lẹ̀. "Ìyá, ibà yìí kì í tẹ̀ lé Bùrọ̀dá dé Agbóyì o."

Ìyá gbé ìkòkò àgbo kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Bàbá Ràfíù," ni wọ́n wí.

Lọ́jọ́ yẹn, Bàbá gbọ́.

"Ọmọ lẹ fẹ́ ni, àbí orúkọ?" ni Ìyá bi wọ́n.

Bàbá ní, "Kí ni kí n wá sọ fún àwọn ará mọ́ṣáláṣí?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ara ọmọ ti yá."

Ràfíù fi ọ́fíìsì sílẹ̀, ibà náà sì fi í sílẹ̀. Àwọn aládùúgbò kò dákẹ́. "Bàbá Akọ̀wé, akọ̀wé yín dà?" Bàbá á ní, "Ara igi ló ń kọ̀wé sí báyìí."

Ilé ti gba gbogbo oko yẹn. Ẹ̀rọ tó ń wa iyanrìn ti gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ odò náà. Síbẹ̀, ẹ lọ sí Agbóyì láàárọ̀, ẹ ó ṣì rí ẹnìkan tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa igi lára, tí kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún un pé ọjọ́ Ajé ni.

Bàbá wa sì jẹ́ Bàbá Akọ̀wé títí wọ́n fi kú, torí ẹnìkan nínú ilé ní láti gba iṣẹ́ ọ́fíìsì kí orúkọ náà má bàa di irọ́. Èmi ni, nígbà tí mo dàgbà. Bóyá iṣẹ́ náà bá mi mu, n kò tí ì mọ̀. Ibà kò ṣáà mú mi. Ọdún Iléyá tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí mo wọṣẹ́, mo fi kálàmù méjì há àpò àyà, mo sì rin Ìkòsí já. N kò ní nǹkan kan láti kọ.