Ọ̀pá Kan fún Gbogbo Ẹja

Bí mo bá rí ọ̀pá ìwọ̀, àbúrò bàbá mi tó ń ta aṣọ ní Lazaret, ní Niamey, ni mo máa ń rántí. Ọ̀gá apẹja ni. Àwọn ẹja nìkan ni kò tíì gbọ́. Ọ̀pá tínrín kan tó wà fún ẹja kéékèèké ló rà, torí pé ó ń dán. Ó ní, "Ẹgbẹ́ òṣèlú lè pọ̀ ní Niamey, ọ̀pá kan ti tó fún àrọ̀ àti epìyà."

Lọ́jọ́ tí àwọn àna rẹ̀ dé, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ má ra ẹran, ó forí lé odò ní Gamkalley. Àrọ̀ ńlá kan já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ló bá ra ẹja yíyan létí odò, ó gbé e wálé. "Mo pa á!"

Ìyàwó rẹ̀ yẹ ẹja náà wò. "Ẹ kú iṣẹ́, baálé mi. Ṣé inú odò ni wọ́n ti yan án ni?"