Ọkọ̀ Méjèèjì Olújídé

Àwọn òṣìṣẹ́ Vridi tí Olújídé máa ń fi wóró-wóró, takisí akérò rẹ̀, gbé láti Anoumabo ní Abidjan ti mọ ìwà ọkọ̀ náà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò ṣeé ṣí àfi láti ìta, bó bá sì fẹ́ gbéra, á kọ́kọ́ wúkọ́ bí arúgbó. Ṣùgbọ́n Toyota àtijọ́ yìí kò já a kulẹ̀ lójú ọ̀nà rí, Olújídé kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Gbogbo Sátidé ló ń ṣí iwájú rẹ̀, tí á da omi ọṣẹ sí ẹ́ńjìnnì, tí á fọ̀ ọ́ títí á fi máa dán.

Lọ́dún 2007, Carelle ọmọ rẹ̀, tó ń ta oògùn ní àdúgbò Riviera, ra òmíràn fún un. Àlòkù láti Faransé ni, àmọ́ ẹni tó bá rí i á ní tuntun ni. Ó ní afẹ́fẹ́ tútù, kì í sì í pariwo. Ohun kan ṣoṣo ni Carelle fẹ́: kí àgbà náà, ọkọ̀ àtijọ́ yẹn, máa lọ. Oníbàárà tó fẹ́ ra àgbà yóò dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, kí ó gbà á lẹ́yìn tí pásítọ̀ bá ti gbàdúrà sí ọkọ̀ tuntun. Inú Olújídé bàjẹ́, àmọ́ ó ṣèlérí, torí kò fẹ́ já ọmọ rẹ̀ kulẹ̀.

Nígbà tí Sátidé dé, ó fọ tuntun. Ṣé ọkọ̀ onídọ̀tí lèèyàn á gbé lọ síwájú Ọlọ́run ni? Ó ṣí iwájú rẹ̀, ó da omi ọṣẹ sí ẹ́ńjìnnì, ó fọ̀ ọ́ tọkàntọkàn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé wáyà àti kọ̀ǹpútà ló kún inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ Sunday, ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kò gbin. Ó yí i títí ọwọ́ fi ń ro ó. Carelle sì ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti ròyìn fún gbogbo ìjọ. Olújídé wá okùn, ó so tuntun mọ́ ìdí àgbà, ó ní kí Olivier aládùúgbò rẹ̀ jókòó sínú tuntun kó máa tọ́ ọ. Àgbà wúkọ́, ó sì fà á.

Gbogbo ìjọ jáde wòran. Pásítọ̀ ta òróró sí tuntun, ó wo okùn, ó ta díẹ̀ sí àgbà pẹ̀lú. Àwọn akọrin ń rẹ́rìn-ín.

"Papa, kí lẹ ṣe fún un?" Carelle béèrè.

"Mo fọ̀ ọ́ ni. Moteur, ẹ́ńjìnnì gan-an. Má bínú, ọmọ mi."

Carelle bínú lóòótọ́. Oníbàárà ti na ọwọ́ láti gba kọ́kọ́rọ́ àgbà. Olújídé yọ kọ́kọ́rọ́ àgbà, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Carelle wo kọ́kọ́rọ́, ó wo okùn.

"Tonton, pardon, ẹ jọ̀ọ́," ó sọ fún oníbàárà náà. "Tí ẹ bá gbé e lọ, ta ló máa fa tuntun yìí dé garage mẹkáníìkì?"

Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún bàbá rẹ̀.